Ìwo Ẹ̀tù: Ohun Tí Wọ́n Bá Lórí Àjà ní Bẹ́yẹrunkà

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, gírámà ò ní ṣàì yọjú níbẹ̀. Ẹ ṣáà fara dà á fún mi.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ lédè pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan nílé wa ní Bẹ́yẹrunkà. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la." Ilé bàbá ńlá wọn ni, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi páànù bò. Òrùlé ti ń jò, wọ́n wá ń tú u láti tún un ṣe. Káfíńtà tó gun àjà ló mú ìwo méjì sọ̀ kalẹ̀, eruku bò wọ́n, èéfín ti sọ wọ́n di dúdú. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ilé náà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ìjọ ní òògùn ìkà ni, pé òun ló ń dí àwọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí wá, pé kí wọ́n kó o mọ́ àwọn pákó tó ti ju, kí wọ́n dáná sun ún. Iná ti ń jó lẹ́yìnkùlé kí n tó dé. Màmá tó dàgbà jù nínú ilé ló kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju nǹkan kan síná títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi dé.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí màmá, mo sì gba àwọn ìwo náà wò. Ọ̀kan wọn, wọ́n fi awọ rán an yíká, owó ẹyọ wà lára rẹ̀, wọ́n sì ti dí ẹnu rẹ̀ pa pátápátá. Èyí èkejì ò rí bẹ́ẹ̀. Ìwo ẹfọ̀n ni, ó gùn tó apá ọmọdé, kò sí awọ lára rẹ̀ àfi ọ̀já kan tí wọ́n lè fi kọ́ èjìká. Wọ́n fi igi tó mọ́ níwọ̀n ṣe ìdérí ẹnu rẹ̀ tó gbòòrò, wọ́n fi ìda lẹ̀ ẹ́. Ní ìdí rẹ̀ tó ṣe ṣóńṣó, wọ́n lu ihò kékeré kan síbẹ̀, wọ́n sì fi èèkàn igi tẹ́ẹ́rẹ́ dí i. Mo gbé e sétí, mo mì ín díẹ̀. Nǹkan kan ń dún nínú rẹ̀ ṣàà, ṣàà, bí iyanrìn.

Mo ní, "Ẹ pa iná yẹn. Kíákíá."

Òògùn ò nílò ihò kékeré ní ṣóńṣó ìwo. Ẹni tó ń fẹ́ kí nǹkan máa jáde díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n, sí ojú ibi kékeré kan, òun ló ń lu irú ihò bẹ́ẹ̀. Ìwo ẹ̀tù ni. Ẹ̀tù ìbọn tí ọrinrin ò dé ibẹ̀ kì í sì í kú.

Ẹ jẹ́ n dúró lórí orúkọ yẹn ná. Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ sójú pátákó fún yín: ẹtu, ẹtù, ẹ̀tù. Àkọ́kọ́ ni ẹran inú igbó. Èkejì ni ẹyẹ tí a tún ń pè ní awó, òun náà la fi sọ aṣọ ẹtù lórúkọ. Ẹ̀kẹta ni ohun tó wà nínú ìwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta yìí ní ìtumọ̀ méjì. Bí babaláwo tàbí oníṣègùn bá jó egbò àti ewé nínú ìkòkò tó sì lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ̀tù ló ń pè é. Lójú tèmi, nígbà tí ìyẹ̀fun dúdú tí òyìnbó ń tà dé ọ̀dọ̀ àwọn baba wa, wọn ò wá orúkọ jìnnà. Wọ́n wò ó, ó dúdú, ó kúnná, agbára ń bẹ nínú rẹ̀, wọ́n bá fún un ní orúkọ èyí tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ́kùnrin tó ní òògùn ni kò ṣìnà tán. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ń gbé nínú ilé kan tipẹ́. Ohun tí wọ́n ń kó wọn sí náà sì jọra: ìwo, àti àdó, ìyẹn akèrègbè kékeré tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ìwo? Ẹ̀tù ìbọn, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀. Bí a bá pín in sí 100, nǹkan bí 75 jẹ́ iyọ̀ kan tí òyìnbó ń pè ní saltpetre, 15 jẹ́ èédú, 10 jẹ́ imí ọjọ́. Ọ̀tá rẹ̀ méjì ni omi àti iná. Bí afẹ́fẹ́ òjò bá wọ inú rẹ̀, á dì, kò ní gbiná mọ́. Bí ẹ̀tàpá iná bá sì kan án, a ò ní rí ẹni ròyìn. Irin lè ta iná. Ìkòkò ń fọ́. Àpò awọ ń fa omi. Ìwo ní tirẹ̀, ohun tí Ọlọ́run fi ṣe èékánná wa náà ló fi ṣe é: omi ò wọ inú rẹ̀, kì í ta iná, ó fúyẹ́, bó bá já bọ́ kì í fọ́. Egungun tó wà nínú rẹ̀ ni wọn á yọ, ihò á sì kù nínú. Kì í ṣe àwa nìkan la mọ èyí. Àwọn ọmọ ogun ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lo ìwo màlúù fún ẹ̀tù fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn míì ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ fín àwòrán ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti jagun sára rẹ̀.

Ìbọn tí àwọn ará Ìbàdàn lò jù ni ṣakabùlà. Láti ẹnu ni wọ́n ti ń kì í. Ẹni tó fẹ́ yìn ín á kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi nǹkan tì í, á fi ọta sí i, á tún fi ọ̀pá gún un wọlé. Lẹ́yìn náà, á da ẹ̀tù bíńtín sí ojú ibi pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìbọn. Bó bá fa ìbọn, akọ òkúta á sá mọ́ irin, iná á ta sórí ẹ̀tù bíńtín yẹn, òun ló máa gbé iná wọ inú. Ibi ẹ̀tù bíńtín yẹn ni ihò kékeré ìwo ti wúlò. Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀ ìṣe tí à ń lò: a ń kì ìbọn, a sì ń kì ènìyàn. Ohùn kan náà ni. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni o, kí ẹnikẹ́ni má lọ kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí jagunjagun tí wọ́n ń kì, tórí rẹ̀ ń wú, á mọ ìdí tí etí fi so àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí Ìbàdàn gan-an. Ní nǹkan bí 1829 ni àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú tẹ̀dó síbi tó ti jẹ́ ìlú Ẹ̀gbá tẹ́lẹ̀. Ìlú tí jagunjagun dá sílẹ̀ ni, ọjà rẹ̀ gan-an ń jẹ́ orúkọ jagunjagun. Àwọn kan ń kọ Ọjà'ba bí Ọjà Ọba. Ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì i ló máa ń tètè pàrẹ́ lẹ́nu wa, ó sì pàrẹ́ níbí: Ọjà Ìba ni, ọjà Ìba Olúyọ̀lé. Ní 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo. Láti ìgbà náà lọ, ìbọn ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ wọn, ọfà sì ń dín kù.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín ọfà àti ìbọn tí a kì í sábà sọ. Ọfà, ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Alágbẹ̀dẹ ìtòsí á rọ orí rẹ̀, igi rẹ̀ wà nínú igbó, oró rẹ̀ wà lọ́wọ́ àgbà. Ẹ̀tù ò rí bẹ́ẹ̀. Inú àgbá kékeré ló ti ń bá ọkọ̀ ojú omi wá láti òkè òkun, dé Èkó tàbí Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà, ó sì gbọ́dọ̀ ní owó. Olóyè ogun ní Ìbàdàn ló ń rà á ní àgbá, òun ló ń pín in fáwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ìwo ọmọ ogun ni ìpín rẹ̀. Bí ìwo bá gbẹ lójú ìjà, ìbọn rẹ̀ di ọ̀pá lásán. Bí a bá ń sọ ìtàn Ìbàdàn, ẹni tó yìnbọn la máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwo yìí ní kí á béèrè ẹni tó rọ ẹ̀tù síbẹ̀.

Obìnrin pọ̀ nínú wọn. Ní Abẹ́òkúta, Ẹfúnróyè Tinúbú ta ohun ìjà àti ẹ̀tù. Nígbà tí àwọn ará Dàhọ̀mì gbógun wá ní 1864, ìrànwọ́ tó ṣe ló jẹ́ kí wọ́n fi í jẹ Ìyálóde. Ní Ìbàdàn, Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni ẹ jẹ́ ká wò. Eré orí ìtàgé ti sọ ọ́ di ìkà lójú ọ̀pọ̀ wa, èmi náà sì gbádùn eré náà. Ṣùgbọ́n ẹ fi eré sílẹ̀ ná. Oníṣòwò ńlá ni, ó sì máa ń fi ohun ìjà àti ẹ̀tù ṣe àwìn fún àwọn olóyè tó bá ń lọ sógun. Wọ́n á ní bí àwọn bá dé, àwọn á san án. Wọ́n á dé, wọn ò ní san án. Nígbà tó yá, ó ṣíwọ́. Lára ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, pé kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ń darí bọ̀. Ní 1874, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì pa á nínú ilé rẹ̀. Mi ò ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìjà àwìn wà nínú ìjà náà, àwìn ohun tó ti gbiná tán kó tó di ọjọ́ ìsanwó.

Ẹ jẹ́ n dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ará ilé ní Bẹ́yẹrunkà, màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nínú ilé àwọn, bí ọmọ kan bá yáwó láti fi ṣe àríyá tàbí ra ohun tí kò ní dọ̀la, àwọn àgbà á ní, "Gbèsè ẹ̀tù lo jẹ yẹn." Àti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, wọn ò sì mọ ibi tó ti wá. Mo ní, "Màmá, orí àjà ló ti wá."

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló kù. Ìbàdàn ò létí òkun. Ẹ̀gbá dúró sí ọ̀nà kan, Ìjẹ̀bú dúró sí èkejì. Bí àwọn méjèèjì bá ti ọ̀nà, Ìbàdàn á di ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Nítorí èyí ni ọ̀nà Oǹdó, tí ìjọba Èkó ṣí ní nǹkan bí 1872, fi ṣe iyebíye lójú wọn. Ní 1877, Látòósà rán èèyàn lọ sí Àjàṣẹ́ láti lọ ra ẹ̀tù àti ohun ìjà. Inú Ẹ̀gbá ò dùn sí i, ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti ọ̀nà. Ìjẹ̀bú náà tẹ̀lé e. Nígbà tí àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ìyà àjẹlẹ̀ Ìbàdàn ti sú rí i pé ọwọ́ ọ̀gá ti dí, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí gbéra, Ògèdèngbé ará Iléṣà di ọ̀gágun wọn, ogun Kírìjí sì délẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá orírun ogun tó gba 16 ọdún lọ́wọ́ ilẹ̀ Yorùbá, kó má wo orí oyè nìkan. Ọ̀kan nínú gbòǹgbò rẹ̀ ni pé ìlú kan ń wá ẹ̀tù.

Kírìjí yìí náà ló sì pa ìwo ẹ̀tù. Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó bá àwọn ará ilé wọn wá ìbọn tuntun, ìyẹn Snider. Ìdí ni wọ́n ti ń kì í, kì í ṣe ẹnu. Ọta, ẹ̀tù àti ohun tó ń ta iná sí i, gbogbo rẹ̀ wà pọ̀ nínú ìdì kan ṣoṣo tí a wá ń pè ní katiríìjì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí oníṣakabùlà ṣì ń wá ọ̀pá tó fi máa gún ẹ̀tù. Kò nílò ìwo, kò nílò àdó, òjò kò sì fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Ìbàdàn, tó ti fi ìbọn jẹ gàba lórí ọ̀pọ̀ ìlú, wá ń fi apá lásán gba ìyà ìbọn. Látòósà kú sí bùdó ogun ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní September 1886, ṣùgbọ́n ogun ò tán pátápátá títí di 1893. Ọdún yẹn náà ni Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí Captain Bower sì dé gẹ́gẹ́ bí aṣojú wọn. Ilé gọgọrọ tí à ń wò lórí Òkè Ààrẹ, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́.

Òyìnbó ò sì gba ṣakabùlà lọ́wọ́ wa tán. Ní 1890, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ṣe àdéhùn kan ní Brussels, wọ́n fòfin de títa ìbọn ìgbàlódé fún àwa ará Áfíríkà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ̀ǹda ṣakabùlà àti ẹ̀tù ọjà lásán. Ẹ ò rí ọgbọ́n? Èyí tí kò lè ṣẹ́gun wọn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Òfin Ìbọn ti 1959 ní Nàìjíríà ṣì ya ìbọn tí à ń kì láti ẹnu sọ́tọ̀ títí dòní. Ìdí nìyẹn tí ṣakabùlà fi kù lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, tí wọ́n ń gbé e lọ sígbó, tí wọ́n sì ń yìn ín bí àgbà ọdẹ bá kú tí wọ́n ń sun ìrèmọ̀jé.

Ìwo ti wá lọ, akèrègbè kékeré ń lọ, ike ló kù. Ṣùgbọ́n èdè kì í tètè da ohun tó bá ti gbé dànù. Nígbà tí bọ́ǹbù dé ayé, tí Yorùbá ń wá orúkọ fún un, àdó olóró ni wọ́n sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí akàròyìn bá pe ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò, akèrègbè ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ ọjọ́sí ló ń gbé jáde, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀.

Ẹ ó fẹ́ gbọ́ bí ti Bẹ́yẹrunkà ṣe parí. Wọ́n ránṣẹ́ sí àgbà ọdẹ kan ládùúgbò. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí gbogbo ọmọdé kúrò. Kò jẹ́ kí irin kan án. Igi ló fi rọra yọ èèkàn inú ihò yẹn, ó da èyí tó tó orí èékánná sórí òkúta ní ọ̀ọ́kán, ó so ẹyín iná mọ́ ẹnu ọ̀pá gígùn, ó nà án sí i. Ó gbiná lójijì, fùú! Èéfín funfun kan ṣoṣo gòkè. Ọ̀dọ́kùnrin tó ní kí wọ́n sun ún ò sọ nǹkan kan. Pákó tó ti kó jọ ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ mẹ́ta sì ti yí i ká ní òwúrọ̀. Ọdẹ náà da ìyókù sínú báàfù omi. Omi ń pa á, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ á yòrò. Omi náà dúdú bí aró.

Ìwo tí wọ́n fi awọ rán yẹn, mi ò dá sí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òògùn lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ìdílé àti ìgbàgbọ́ wọn nìyẹn, àlejò ni mí níbẹ̀. Ìwo ẹ̀tù ni mo bẹ̀bẹ̀ fún, wọ́n sì gbà. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n kọ́ ọ sí pálọ̀, lábẹ́ fọ́tò bàbá ńlá wọn. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló kan ìṣó rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé àtijọ́ ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní ẹsẹ̀ òkè Mápó àti káàkiri, bí ẹ bá ń tú òrùlé, ẹ má kó ohunkóhun tó lẹ́nu tí wọ́n dí sínú iná. Ẹ má fi irin ṣí i, ẹ má mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ pe ọdẹ tó mọ̀ ọ́n, tàbí kí ẹ pe ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè kí ẹ tó jù ú nù. Ó lè jẹ́ pé gbólóhùn kan wà lẹ́nu wọn tó ti ń wá ìwo rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó dìgbà kan ná.